Àmì Àròpọ̀ Tí Mo Fi Bírò Pupa Yí Ká

Ìṣirò ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní Ọ̀yọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, bírò pupa kò sì tíì kúrò lápò mi. Lọ́jọ́ tí ara mi gbóná nílé ọmọbìnrin mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó mú mi lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nítòsí Ọjà Igbó. Ó ní bó bá jẹ́ ibà, n kò ní í padà sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀, àwa tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́, èmi sì ni akọ̀wé.

Obìnrin tó gba ẹ̀jẹ̀ mi gbé èsì fún mi. Àmì àròpọ̀ kan ṣoṣo ló kọ síwájú ibà, kò sí nọ́ńbà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti fi bírò pupa yí i ká, mo sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Kò pé. Tún un ṣe."

Obìnrin náà kà á, ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ibà wà lára yín o. Àmì kan túmọ̀ sí pé kò tíì pọ̀ ni. Àmọ́ ẹ ti ní kí n tún un ṣe, ẹ mú ìka yín wá."

"Má ṣèyọnu, ọmọ mi."

"Ẹ ṣáà ti kọ ọ́ sílẹ̀, Bàbá!" Ọmọbìnrin mi ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ti di ọwọ́ mi mú.

Abẹ́rẹ́ tún wọlé. Àmì méjì ló wà lórí èsì kejì. Ọmọ mi gba bírò pupa lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ó ti pé. Kò sí Ọ̀yọ́ lónìí."