Kíkẹ́lọmọ Tó Ń Rán Ìjókòó Ọ̀kadà

Òjò ti rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ tí Kíkẹ́lọmọ Oyèbísí lọ wá iṣẹ́ tíṣà sí ilé ìwé aládàáni kan ní Ìlá. Láti abúlé ìyá rẹ̀ ló ti gun ọ̀kadà Dọ̀tun. Ìjókòó ọ̀kadà náà ti ya, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e sì ti lu, ni fóòmù tó ti mu omi yó bá tú gbogbo rẹ̀ sí i láṣọ. Nígbà tó fi máa dé iwájú ọ̀gá ilé ìwé, ẹ̀yìn yẹ̀rì rẹ̀ ti tutù rìnrìn bíi tẹni tó tọ̀ sára. Àwọn ọmọ ilé ìwé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wò ó tòkètilẹ̀, ó ní kó máa lọ, àwọn yóò ránṣẹ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́.

Ẹlòmíràn ì bá sunkún. Kíkẹ́lọmọ kò sunkún, inú ló bí i. Bó ṣe jáde báyìí, Dọ̀tun ló kọjú sí.

"Bọ̀dá Dọ̀tun, kí ló dé tí ẹ ò tún ìjókòó yìí ṣe?"

"Àbúrò, ta ni yóò bá mi ṣe é? Àwọn tó ń ṣe àga onífóòmù ní ti pálọ̀ làwọn ń ṣe. Wọ́n ní ìdí ọlọ́kadà kò tó ohun tí èèyàn ń fi lẹ́dà tù."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Odidi ọdún kan ló fi bá àwọn èèyàn gbin ẹ̀gẹ́, tó ń bá wọn tu ú, kó tó rí maṣíìnì àtijọ́ kan rà lọ́wọ́ bàbá onísálúbàtà kan ní Ìgbájọ, irú èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ lè gba inú awọ kọjá. Dọ̀tun ló fi ọ̀kadà bá a gbé e kọjá àwọn òkè ọ̀nà Ìgbájọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ Kíkẹ́lọmọ. Ó tú ìjókòó ọ̀kadà Dọ̀tun palẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí páálí, ó fi bírò yí i po, ó gé e. Èyí tó kọ́kọ́ rán bẹ́ lọ́jọ́ kẹta. Èkejì hunjọ bí ojú àgbàlagbà. Abẹ́rẹ́ gún un níka títí ìka kò fi ṣeé fi fọṣọ mọ́. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló tó jókòó dáadáa. Ó tẹ́ ọ̀rá sáàárín fóòmù àti lẹ́dà kí òjò má baà wọlé, ó sì fi òkìtì kékeré kan sí àárín, kí ẹni tí wọ́n gbé má baà máa yọ̀ lu ọlọ́kadà bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè Ìgbájọ.

Bó ṣe gba ìsọ̀ kan ní Ìlá nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń tò. Ká tó wí ká tó fọ̀, àwọn ti Ire ń wá, àwọn ti Ìgbájọ ń wá.

Oṣù kẹjọ rẹ̀ nínú ìsọ̀ ni Ọ̀gá Mobọ́lájí, alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe àga onífóòmù, wọlé tọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta. Kò jókòó.

"Ta ni ọ̀gá rẹ?"

"Mi ò ní ọ̀gá, sà. Mo kọ́ ara mi ni."

"Wọn kì í kọ́ ara wọn níṣẹ́ ní ìlú yìí. Lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ fún ọdún mẹ́rin, kí wọ́n ṣe fríídọ̀mù fún ọ, kí o tó ṣílẹ̀kùn ìsọ̀."

"Ọdún mẹ́rin? Iṣẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín kì í ṣe!"

Ọ̀gá Mobọ́lájí nàka sí maṣíìnì. Àwọn ọkùnrin náà tú orí maṣíìnì kúrò lórí tábìlì rẹ̀, wọ́n kó gbogbo páálí tó fi ń gé lẹ́dà, wọ́n sì lọ. Kíkẹ́lọmọ pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn ará ìsọ̀ ìtòsí dúró, wọ́n ń wò.

Ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kó simi. "Lọ kúnlẹ̀ fún un. Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀."

"Kí ni mo ṣe fún un, Màámi?"

"O kò ṣe nǹkan kan. Ṣáà lọ kúnlẹ̀."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá ń bẹ̀ ẹ́, ó lọ. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ Ọ̀gá Mobọ́lájí lọ́sàn-án gangan. Ọkùnrin náà ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, kò bojú wò ó. Eékún bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó gbójú sókè kí ó lè gbàgbé ìrora, ohun tó rí ló mú kó dìde láìmọ̀. Ìjókòó ọ̀kadà mẹ́fà ló wà lára ògiri, titun, olókìtì láàárín. Páálí rẹ̀ wà lórí tábìlì, ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára wọn. Ọmọọṣẹ́ kan jókòó sídìí maṣíìnì rẹ̀, ó ń fi rán ìkeje.

"Ẹ̀yin lẹ ní iṣẹ́ yìí kò yẹ yín!" Kíkẹ́lọmọ nàka sí ara ògiri. "Ẹ ní ìdí ọlọ́kadà kò tó nǹkan! Ìgbà tí mo wá sọ ọ́ diṣẹ́, ẹ wá kó o! Ẹ tún ní kí n wá kúnlẹ̀ fún yín!" Kò pè é ní 'ìwọ', nítorí wọn kò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo 'ẹ' tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde dà bí òkò.

Ó mú sípánà nílẹ̀, ó ní kí ọmọọṣẹ́ dìde. Ọmọọṣẹ́ náà dìde. Kíkẹ́lọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú orí maṣíìnì rẹ̀. Ọ̀gá Mobọ́lájí sún mọ́ ọn.

"Ẹ fọwọ́ kàn mí, sà. Ẹ ṣáà fọwọ́ kàn mí, kí gbogbo Ìlá wá wo alága olè."

Èrò ti pé sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá fà sẹ́yìn. Ọmọbìnrin náà gbé irin wúwo yẹn rù, ó há páálí mọ́ abíyá, ó sì la àárín wọn kọjá.

Ó gba maṣíìnì, ṣùgbọ́n ìsọ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Onílé ní òun kò fẹ́ wàhálà ẹgbẹ́, kó wá ibòmíràn lọ. Ló bá padà sí fàráńdà ìyá rẹ̀ ní abúlé. Nítorí ìkúnlẹ̀ yẹn, ìyá àti ọmọ kò bára wọn sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Àwọn ọlọ́kadà kan kò wá mọ́, nítorí ọ̀nà jìn. Dọ̀tun ń wá, ó sì ń mú àwọn mìíràn wá.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Ọ̀gá Mobọ́lájí dé fúnra rẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu, sétífíkéètì fríídọ̀mù lọ́wọ́. Ó ní ẹgbẹ́ ti forí jì í. Ìyá kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Kíkẹ́lọmọ gba ìwé náà, ó kà á jáde ketekete: Kíkẹ́lọmọ Oyèbísí kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ Ọ̀gá Mobọ́lájí.

Ìyá dìde nílẹ̀. "Lọ́dọ̀ ta ni?"

"Ìyá, ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni."

"Nígbà tí abẹ́rẹ́ ń gún un, èmi ni mò ń fi omi gbígbóná jó o níka. Mi ò rí yín níbẹ̀." Ó gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó tì í padà sí ọkùnrin náà láyà. "Ẹ máa lọ. Kí n má rí yín ní fàráńdà yìí mọ́."

Nígbà tí ọ̀kadà tó gbé e wá ti gbé e lọ, ìyá jókòó sórí àpótí, ó fi etí ìró bojú. "Èmi ni mo ní kí o lọ kúnlẹ̀ fún irú èyí."

Inú ṣì ń bí Kíkẹ́lọmọ sí i, kò sì purọ́ pé inú kò bí òun. Ó na fóòmù kan sí i.

"Ẹ má sunkún, Màámi. Ẹ bá mi di etí yìí mú kí n rí i gé."