Ọjọ́ Tí Mo Pa Ẹnu Mọ́ ní Magodo

Ohùn ni mo fi ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12. Tí mo bá pe kọ́sítọ́mà láti ìsọ̀ mi, ẹni tó wà nínú mọ́tò lórí títì á yíjú. Ìdí nìyẹn tí ọmọ mi obìnrin ò fi fẹ́ kí n wá wo òun àti ọ̀kẹ́sítírà wọn nínú gbọ̀ngàn kan ní Magodo. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ olórin náà ni, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa bá wọn ṣeré níta nìyẹn.

Ó ní, "Mummy, tí ẹ bá fi lè pariwo orúkọ mi, wọn ò ní pè mí mọ́."

Mo ní mi ò ní pariwo. Kò gbà mí gbọ́. Mo wá pinnu pé màá lọ, màá sì dákẹ́, kí ojú ẹ̀ lè rí i.

Ọlọ́dẹ géètì kọ́kọ́ bi mí pé ilé ta ni mo fẹ́ lọ bá wọn tọ́jú. Mo ní òun gan-an ni mo wá gbà síṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣílẹ̀kùn.

Bí mo ṣe jókòó, ohun èlò gbogbo àwọn olórin ń dún, oníkálukú pẹ̀lú tiẹ̀. Mo ní ha, eré yìí mà mọ́ mi lára, bíi pé tírélà ṣẹ̀ṣẹ̀ já ẹrù. Aunty tó jókòó tì mí ní wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣì ń tún ohùn ṣe ni. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì dúró díẹ̀, Daddy kan tó wọ kóòtù pàtẹ́wọ́. Gbogbo ojú yí sí i, eré ò tíì parí. Mo dúpẹ́ pé kì í ṣe èmi.

Ọmọ mi wà lẹ́yìn pátápátá, kímbálì méjì, irin pẹrẹsẹ tí wọ́n máa ń pa pọ̀, wà lórí itan ẹ̀, kò lù ú. Fáyólìn ń ké, fèrè ń dá a lóhùn, tèmi jókòó gẹlẹtẹ. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo bi Aunty yẹn pé ṣé wọ́n ní kí ọmọ mi wá ṣọ́ àga ni. Mo ti fẹ́ dìde lọ bi ọ̀gá tó dúró níwájú wọn, tó ń ju ọ̀pá lọ́wọ́, ni Aunty náà fọwọ́ kàn mí.

"Ẹ ní sùúrù, Mà. Tiẹ̀ ń bọ̀."

Mo jókòó padà, mo ki etí ìborùn mi bọ ẹnu.

Nígbà tó yá, orin ń ga, ọmọ mi dìde. Ó gbé irin méjèèjì sókè, ó pa wọ́n pọ̀. Orúkọ ẹ̀ ti dé orí ahọ́n mi. Mo fi eyín di ìborùn mú, omi ń bọ́ lójú mi, mo dákẹ́ títí gbogbo èèyàn fi pàtẹ́wọ́.

Níta, ojú ẹ̀ fà ro. Ó ní òun ò gbọ́ ohùn mi rárá, òun rò pé mo ti padà sọ́jà.

Mo ní, "Kí n lọ síbo, nígbà tí o ò tíì lù ú?"

Ó dì mọ́ mi. Ó ní àwọn tún máa ṣeré mìíràn ní Gbàgádà, ṣé màá wá? Mo ní iwájú ni mo máa jókòó, kó yáa lọ sọ fún wọn pé ohùn mi ń bọ̀.