Iná Inú Mọ́tò Bàámi

Mọ́tò kan tí wọ́n gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ yìí ló fa ọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn rẹ̀, òórùn obì tútù kọlu imú mi, mo sì gbàgbé wáyà tó wà lọ́wọ́ mi.

Bàámi ń ta obì ní Mákùn. Ní ìdájí, kí àwọn oníbàárà tó dé, wọ́n á gbé apẹ̀rẹ̀ sórí ìjókòó mọ́tò wọn, wọ́n á tan iná inú rẹ̀, wọ́n á máa ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò. Súwíìṣì roboto kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárín, tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò yí. Bí oorun bá ti ń kun èmi àti àbúrò mi lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ ó gbọ́ kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́, iná á sì rẹlẹ̀ fún wa. Èyí tó kù ò ju ti àtùpà lọ, síbẹ̀ ihò kòkòrò tó rí bí ojú abẹ́rẹ́ kì í sá mọ́ Bàámi lójú.

Ìwé ò gbé mi jìnnà, mo kọ́ṣẹ́ rewáyà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúríídọ̀mù ni Bàámi pè mí: "Ògá rewáyà, iná mi ń kú lọ."

Mo gbé mítà tí a fi ń wọn iná. Mo fi ẹnu wáyà dúdú rẹ̀ kan irin ara ọkọ̀, mo fi pupa kan wáyà tó wọ súwíìṣì: fólìtì méjìlá. Mo kan èyí tó jáde: bí mo bá yí súwíìṣì sílẹ̀, mẹ́ta, bí mo bá yí i sókè, méjìlá padà. Ní ẹnu gílóòbù gan-an, bákan náà.

"Bàámi, nǹkan kan ò ṣe súwíìṣì yín."

"Òkùnkùn tí mò ń wò ńkọ́?"

"Mítà kì í purọ́."

"Mítà rẹ ò ṣa obì rí!"

Mo rẹ́rìn-ín, mo fi gílóòbù tó tóbi sí i, kí wọ́n lè jẹ́ kí n sinmi. Kò pẹ́, oníbàárà kan gbé apẹ̀rẹ̀ padà wá: "Baba, ṣé kòkòrò lẹ wá ń tà báyìí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàámi náà rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni pé bí iná bá dé ibì kan láìdínkù, kí n wá àbùkù náà síwájú ibẹ̀. Èmi dé ìdí gílóòbù, mo kó irinṣẹ́ mi. Mi ò rántí pé ojú Bàámi ló kàn. Nígbà tí a ó fi dé ọsibítù, dókítà ní ìríran tó ti lọ kò ní padà mọ́. Kí a máa fi oògùn di ìyókù mú.

Ìyá mi ló ń ṣa obì báyìí, lábẹ́ iná ńlá tí mo fà sí àgbàlá. Mọ́tò náà kì í rìn mọ́, ṣùgbọ́n Bàámi ṣì ń jókòó sínú rẹ̀ ní ìdájí, obì lọ́wọ́, tí wọ́n ń fi èékánná wá ihò kòkòrò. Èmi ni mo máa ń bá wọn yí súwíìṣì náà dé òkè.

"Ṣó ti mọ́lẹ̀?"

"Ó ti mọ́lẹ̀, Bàámi."

Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi obìnrin sùn lọ lẹ́yìn wa. Bàámi ò lè rí i. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń mí, wọ́n sì na ọwọ́ síwájú, wọ́n ń wá súwíìṣì kiri títí àtàǹpàkò wọn fi bà á.

Kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́, iná rẹlẹ̀.