Ọjọ́ Tí A Pààrọ̀ Tẹmosítáàtì

Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ wa àkọ́kọ́, ìlú òtútù ló ti wá. Inú mi dùn sí i títí di ọjọ́ tó kọ́kọ́ hó mọ́ wa lójú ọ̀nà. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 nìyẹn, Àmùkòkò là ń gbé. Ọ́fíìsì kan ní Warehouse Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ mi wà níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ní Kìríkìrì. Bí tirélà bá ti tò síwájú wa, tí a kàn ń rákòrò lẹ́yìn wọn, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kò ní pẹ́ tí èéfín funfun á fi bo gíláàsì iwájú.

Mẹkáníìkì wa ní ká yọ tẹmosítáàtì rẹ̀ sọnù, bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe. Òun ni ilẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná, kó tó jẹ́ kó lọ tutù nínú rédíétọ̀. Ọkọ mi kọ̀. Ó ní ilẹ̀kùn ìlú òtútù ló wà nínú rẹ̀, ó ń pẹ́ jù kó tó ṣí. Ó wá òmíràn tó ń tètè ṣí kiri títí ó fi rí i.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó yọ ti àtijọ́ kúrò nínú ọkọ̀, ó so méjèèjì mọ́ okùn, ó rì wọ́n sínú omi lórí sítóòfù. Ìyá rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa yọjú sí kíṣìnnì.

"Ṣé ìkòkò ọbẹ̀ mi lo fi ń se irin?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ wá wò ó."

Omi kò tíì hó tí tuntun fi lanu. Ti àtijọ́ kò mira. Ìgbà tí omi ń hó kutukutu ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí díẹ̀.

Nídìí ẹ́ńjìnnì, bébà kan ló ń dí ojú irin kí omi má jò. Èmi ni mo fi abẹ ha ti àtijọ́ tó gan mọ́ ọn kúrò; òun ló ki tẹmosítáàtì tuntun bọ̀ ọ́, tó fi gọ́ọ̀mù lẹ bébà tuntun, tó sì fi sípánà de àwọn bóòtù rẹ̀. Ó ní a ò gbọdọ̀ tan ọkọ̀ títí di ọjọ́ kejì, kí gọ́ọ̀mù lè gbẹ.

A ṣì ń fọwọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí ikọ́ Màmá yí padà. Ikọ́ fée ló ń yọ ọ́ lẹ́nu látọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n èyí le. Ó di ògiri mú, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Oògùn tó máa ń fín sẹ́nu kò ràn án. Mo sáré jáde wá kábùkábù tó máa gbé wa lọ sílé ìwòsàn, kò sí. Epo bẹntiróò ti wọ́n ní gbogbo ìlú.

"Gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá," ni ọkọ mi wí.

"Gọ́ọ̀mù yẹn ńkọ́?"

"Gbé e wá!"

Mo gbé orí Màmá lé àyà mi lẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí a dé ọ̀nà Àpápá, tirélà ti dí i pa. Abẹ́rẹ́ gòkè dé àárín, ó kọjá àárín. Èémí Màmá nìkan là ń gbọ́, ó ń dún bí fèrè tó fọ́.

Abẹ́rẹ́ dúró. Ó gbọ̀n díẹ̀, ó wálẹ̀.

"Ó ti ṣí," ni ọkọ mi sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Ó yọ orí síta, ó ké sí awakọ̀ tirélà iwájú: "Ọ̀gá, abeg! Mama no fit breathe!"

Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn ọkọ̀ wa, ó rí Màmá. Ó yí tirélà rẹ̀ gun etí gọ́tà, ó fi ọwọ́ ṣe ká máa kọjá. Bí a ti kọjá ni òórùn omi gbígbóná wọlé.

"Ó ń jò," ni mo wí.

"Mo mọ̀."

Abẹ́rẹ́ tún ń gòkè nígbà tí a wọ ọgbà ilé ìwòsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì gba Màmá lọ́wọ́ mi, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Mo dúró títí àyà rẹ̀ fi rọlẹ̀, tó sì bi mí pé níbo ni ọmọ òun wà.

Inú ọkọ̀ ni mo bá a. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, omi ń kán sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di sítíárìn mú.

"Ó ń mí," ni mo wí. "Ó ń béèrè yín."

Ó fi orí lé sítíárìn, ó sunkún. N kò rí i kó sunkún rí. Èmi ni mo na ọwọ́ kọjá lára rẹ̀, tí mo pa ọkọ̀.