Pèrègún Tí Bàbá Mi Gbìn

Èmi kì í tètè gba èèyàn gbọ́, n ò sì bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀. Ìfura loògùn àgbà. Sàréè ìyá mi wà létí oko bàbá mi lọ́nà Papalanto, nídìí pèrègún tí bàbá mi fi ṣe ààlà. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ilé mi ní Ṣàpọ́n débẹ̀ ni mo máa ń bá a tí wọ́n ti ro ó mọ́ tónítóní, bẹ́ẹ̀ n ò rán ẹnikẹ́ni. Alájì tí oko wọn bá tiwa pààlà ni. Kí ló kàn wọ́n nínú sàréè ìyá mi? Ẹni tó bá ń báni roko tí a ò bẹ̀ ẹ́, ó ní ohun tó ń wá. Mo ní mo fẹ́ mọ ògiri, kí n kó sàréè náà sínú.

Alájì ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn ilẹ̀ ná."

Háà! Mo ní ó ti dé.

Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ní Kútọ̀ la jọ pè kó wá wọ̀n ọ́n. Ìwé ilẹ̀ tí bàbá mi àti bàbá Alájì jọ fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òpó kọnkéré tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún ààlà ló ń wá. Ó gbé ọ̀pá kan tí ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀ dání. Bó ṣe wọ abẹ́ igi tíìkì báyìí, nọ́ńbà inú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo wo Alájì, mo wo ọmọbìnrin náà. Ta ló mọ ohun tí wọ́n ti jọ sọ?

Ó ní, "Mà, ẹ má bínú. Sátẹ́láìtì ló ń sọ ibi tí a wà, igi ló ń dí i lójú. Ohun mìíràn wà nínú ẹ̀rọ yìí tó ń mọ bí mo ṣe ń rìn àti bí mo ṣe ń yà, àmọ́ bó bá pẹ́, òun náà á máa ṣìnà díẹ̀díẹ̀. Ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní Kalman ló ń gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Yóò kọ́kọ́ fojú bu ibi tó yẹ ká wà, kó tó wá gbọ́ tiwọn. Kò gba ẹnì kankan gbọ́ tán. Èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń ṣe ségesège, díẹ̀ ló máa gbà nínú tiẹ̀."

Ìyẹn dùn mọ́ mi díẹ̀, nítorí ìwà mi gan-an ni. Síbẹ̀ mo ní, "Ṣé Kalman náà mọ bàbá mi ni? Pèrègún rèé. Pèrègún kì í rìn."

Ilẹ̀ ni Alájì ń wò.

Ọmọbìnrin náà kọjá pèrègún wọnú oko wa, ó kọjá sàréè, ó dúró. "Ẹ gbẹ́ ibí."

Mo kígbe mọ́ Alájì pé, "Olè ni yín!" Ọkọ́ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó lu kọnkéré, gbà! Òpó ààlà ni, nọ́ńbà inú ìwé sì wà lórí rẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí a sin ìyá mi ni mo rántí. Bàbá mi ń gbin pèrègún, wọ́n ń sunkún, èmi ni mò ń ru omi tí wọ́n fi ń rin ín. Ìbànújẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ilẹ̀ wọn parí sí lọ́jọ́ ìsìnkú. Ìgbà tí wọ́n mọ̀, wọ́n gbé ààlà tọ ìyàwó wọn lọ.

Mo kúnlẹ̀. "Alájì, ẹ dákun. Ilẹ̀ yín ni ìyá mi wà."

"Mo mọ̀. Bàbá mi sọ fún mi kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní àlejò wa ni, kí n máa ro ibẹ̀." Wọ́n na ọwọ́ sí mi kí n dìde. "Ẹ mọ ògiri yín síbi òpó. Ẹ kàn fi ilẹ̀kùn sí ọ̀gangan ọ̀dọ̀ ìyá."