Ìwọ Yìí

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe wá ni mo ń kọ ọ́.

Iṣẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kan ní Ìsẹ́yìn ni kí n fọ jẹ́sì, kí n gbé omi, kí n sì fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ tó bá yẹ̀. Iṣẹ́ náà bá mi lára mu nítorí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọmọ ìyá méjì wà nínú ẹgbẹ́ náà, Rábì àti Mùínà, ará Ìpàpó. Ìyá wọn ti kú, ìyàwó bàbá wọn ló tọ́ wọn. Lọ́jọ́ tí mo lọ gba jẹ́sì nílé wọn, n kò gbọ́ kí obìnrin náà dárúkọ wọn. "Ìwọ yìí, gbé ọmọ. Ìwọ yìí, o ò gbọ́ ni?" Mùínà á rẹ́rìn-ín, á lọ. Rábì náà á lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ á ti di ẹ̀ṣẹ́.

Lórí pápá, bí wọ́n bá gbá Rábì ṣubú, á dìde, á gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní ìwọ yìí, ẹsẹ̀ onítọ̀hún ló máa gbá, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Kóòṣì ní ìjà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Èmi á wo Mùínà, ilé kan náà, ìyà kan náà, tí kì í bá eṣinṣin jà. Mo rò pé ilé ló dá ọgbẹ́ náà sí wọn lára, ṣùgbọ́n kálukú ló mọ bó ṣe ń dùn ún.

Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń ṣa agbábọ́ọ̀lù fún ìpínlẹ̀ wá láti Ìbàdàn, Rábì ti gbá góòlù méjì wọlé kí okùn bàtà rẹ̀ tó tú.

Rẹfirí ní, "Ìwọ yìí, lọ so bàtà ẹ."

"Rábíátù ni mò ń jẹ́, sà."

Ẹnì kan láàárín èrò ní kó lọ kọ ọ́ síwájú orí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Rẹfirí náà rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ yìí, n ò bi ọ́ lórúkọ."

Rábì tì í lulẹ̀.

Mùínà nìkan ni àwọn ará Ìbàdàn mú fún ìpínlẹ̀. Kóòṣì ní kí Rábì bọ́ jẹ́sì sílẹ̀, kó má padà wá mọ́. Ó ká a dáadáa, ó gbé e fún mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun." Ó ń dùn mí di òní pé kò sẹ́ni tó sọ orúkọ rẹ̀ fún rẹfirí kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọkọ̀ lọ sí Ìpàpó. Oko bàbá Rábì ni mo ti bá a. Mo bọ́ bàtà, mo wọ inú poro tó tẹ̀ lé tirẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a já ẹ̀wà.