Rogèlia àti Igi Kẹrìnlá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí kí n tó sọ nǹkan mìíràn: ẹ̀rù ibi gíga máa ń bà mí. Abẹ́ òkè Ports ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe búrẹ́dì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ṣùgbọ́n bí mo bá gun àkàsọ̀ láti tún òrùlé mi ṣe, àárín ni mo ti ń sọ̀kalẹ̀ padà. Nítorí náà, ẹ má rò pé agunkè kan ló ń yin agunkè ẹgbẹ́ rẹ̀. Batiste oníbúrẹ́dì ni mí, aládùúgbò Rogèlia, mo sì ti bá obìnrin náà jà ju bí mo ṣe bá ìyàwó mi jà lọ.

Ọ̀nà mọ́kànlá ni wọ́n ń gbà dé orí òkè wa. Mẹ́wàá nínú wọn, ẹni tó ní okùn àti irin ló ni wọ́n. Òkúta ẹfun ni gbogbo òkè náà, ó mú bí abẹ, omi sì ti gbẹ́ ẹ ní ihò-ihò, débi pé ewúrẹ́ igbó pàápàá ń fẹ̀sọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan tó kù là ń pè ní Grau. Àlàfo tóóró ni, láàárín ògiri àpáta méjì, níbi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn láìso okùn mọ́ ìdí. Igi mẹ́tàlélógún ni wọ́n há sínú rẹ̀ bí àtẹ̀gùn, ọ̀kan lókè èkejì. Bàbá Rogèlia, tó ń sun èédú lókè, ló há wọn síbẹ̀ kí ó lè máa gbé èédú sọ̀kalẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, Rogèlia ló ń tọ́jú wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀, búrẹ́dì tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, tí wọ́n ki ẹja sísun, tòmátì àti aáyù bọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni bàbá ti kọ́ ọ láti máa fi ọ̀pá kan igi kí ó sì tẹ́tí. Igi tó dára á dáhùn bí ìlẹ̀kùn tí àlejò kàn. Èyí tí kòkòrò ti wọ̀ á dáhùn bí àpò ìyẹ̀fun. Bàbá tún kọ́ ọ ní òfin ilé wọn: igi sàbínà, igi líle orí òkè wa, nìkan, oṣù Ṣẹ́rẹ́ nìkan, nígbà tí òṣùpá bá ń gbó lọ. Igi tí a bá gé nígbà tí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, oje ṣì kún inú rẹ̀, kòkòrò ni yóò jogún rẹ̀. Ẹni tó bá sì há igi tuntun gbọ́dọ̀ fín àmì ilé rẹ̀ àti ọdún sí i lára, kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tí wọn yóò bú.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà tí bàbá kú. Àwọn ọkùnrin tó jókòó sí ilé ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

“Ta ni yóò máa gun Grau báyìí?”

“Èmi ni.”

“Pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì?”

“Pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì. Kí ẹni tó bá fẹ́ dúró sísàlẹ̀ wo abẹ́ mi rántí pé àáké máa ń já bọ́ lọ́wọ́ mi.”

Kò sẹ́ni tó lọ dúró síbẹ̀.

Èmi náà jẹ nínú ẹnu rẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún báyìí tó wọ ilé búrẹ́dì mi, tó rí igi pẹlẹbẹ tuntun tí mo fi ń ti búrẹ́dì sínú ààrò. Àwọn oníbàárà mi kún ilé.

“Batiste, ìgbà wo lo gé igi yìí?”

“Oṣù kẹrin, Àǹtí.”

“Oṣù ń lé ni, àbí ó ń gbó?”

“N ò wòkè.”

“Ó ní òun ò wòkè! Bàbá tó bí ọ ì bá wòkè. Kí Kérésì tó dé, igi yìí á ṣẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.”

Ọ̀sẹ̀ Kérésì gan-an ló ṣẹ́, pẹ̀lú búrẹ́dì mẹ́rin lórí rẹ̀. Inú bí mi sí i fún odidi ọdún kan, nítorí pé òótọ́ ló sọ.

Ọdún kẹta rèé tí àwọn ọ́fíìsì igbó ọba, tí òkè wa wà lábẹ́ wọn, fẹ́ tẹ ìwé àwòrán ọ̀nà tuntun jáde. Wọ́n rán ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Llorenç wá, ọmọ pẹ̀lẹ́ tó ń wọ bàtà tó mọ́ jù. Ó pè wá jọ, ó sì ṣàlàyé pé gbogbo ọ̀nà tí ọwọ́ ènìyàn bá ti fi nǹkan kún ni wọn yóò yẹ̀ wò. Bí igi kan ṣoṣo bá yẹ̀, wọn yóò ti ọ̀nà náà, wọn yóò sì yọ gbogbo igi inú rẹ̀.

“Kí lẹ máa fi rọ́pò wọn?” Rogèlia ló bi í.

“Kò sí nǹkan kan, Màmá. Àpáta á padà sí bí Ọlọ́run ṣe dá a.”

Lọ́jọ́ náà Rogèlia jókòó sórí àga iwájú ilé búrẹ́dì mi, kò bú ẹnikẹ́ni fún wákàtí kan. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wọra. “Batiste,” ló wí nígbà tó yá, “bí wọ́n bá yọ àwọn igi yẹn, bàbá mi á kú lẹ́ẹ̀kejì.”

Oṣù karùn-ún ni wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní ọmọ abúlé kan gbọ́dọ̀ bá wọn gòkè láti fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Olórí abúlé ti fi ẹsẹ̀ ṣẹ́, ni wọ́n bá fi èmi abẹ̀rù ṣe arọ́pò. Mo dijú gun igi mẹ́tàlélógún náà, mo ń pe orúkọ gbogbo ẹni mímọ́ tí mo mọ̀. Llorenç àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n ń fi okùn fa àpò iyanrìn ọgọ́rùn-ún kílò sókè, wọ́n ń so ó rọ̀ mọ́ igi kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló gbà á. Èkínní gbà á, ìkẹrìnlá gbà á, ìkẹtàlélógún gbà á.

Lókè, Llorenç jókòó sórí òkúta, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fa bíírò yọ. “Màmá, mo kí yín. Ọ̀nà yín dára ju ti àwọn onírin lọ.”

Rogèlia, tó ti ṣáájú wa gùn dókè, ṣí fìlà rẹ̀. “Dúró ná, ọmọ mi. Igi kẹrìnlá kò dára.”

“Ó gbé ọgọ́rùn-ún kílò, Màmá.”

“Ìwọ fi iyanrìn wọ̀n ọ́n. Èmi fi etí gbọ́ ọ.”

Mo sún mọ́ ọn, mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ panu mọ́. Bíírò ti wà lórí ìwé!”

“Kí n panu mọ́ kẹ̀? Ẹsẹ̀ rẹ bí ẹsẹ̀ àgbáǹréré yìí ló tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Ṣé o mọ bí ọkàn mi ṣe já?” Ó kọjú sí Llorenç. “Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kò ní àmì ilé wa. Ọdún tí Eloi ọkọ mi kú ni mo há a. Aṣọ ọ̀fọ̀ wà lọ́rùn mi, àwọn ìyá àgbà ò jẹ́ kí n jáde lọ gé igi ìpamọ́ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ní oṣù kẹta, òkúta já, ó ṣẹ́ igi kẹrìnlá, mo sì gé òmíràn nígbà tí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ọjọ́ mẹ́ta.”

“Kí ló dé tí ẹ ò pààrọ̀ rẹ̀?”

“Igi wa máa ń lo ọgbọ̀n ọdún. Bí mo bá yọ ọ́ láìtọ́jọ́, gbogbo abúlé á mọ̀. Lẹ́yìn ariwo tí mo pa lé Batiste lórí nítorí igi búrẹ́dì!”

Ó mú irin, ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá igi náà, ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí a lè gbọ́, ó tú u, ó sì gbé e gòkè wá bá wa. Nígbà tó la á, lẹ́búlẹ́bú ló dà jáde láti inú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìyẹ̀fun bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kò nílò àlàyé. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á sí Llorenç lọ́wọ́.

“Màmá, ẹ mọ ohun tí òfin wí,” ni ọmọkùnrin náà sọ. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Mo mọ̀ ọ́n. Tì í.”

Ó gbọn lẹ́búlẹ́bú tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ dànù. Ó dé fìlà rẹ̀ padà.

Ẹ̀wọ̀n dé ẹnu Grau lọ́jọ́ náà. Abúlé bínú sí i. Onílé ọtí ní, “Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ẹ bá mi bi í bóyá àwọn agunkè á wá mutí lọ́dọ̀ òtítọ́.” Ó yà mí lẹ́nu pé èmi ni mo ní kó gbẹ́nu sọ́hùn-ún. Mo ti tẹ igi yẹn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo sì ní ọmọ mẹ́ta nílé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìwé Llorenç dé. Ó kọ ọ́ pé ohun tí irinṣẹ́ àwọn kò rí, etí obìnrin kan rí i, kò sì fi pamọ́. Wọn ò ní yọ àwọn igi náà. Ọ̀nà yóò wà ní títì títí dìgbà tí Rogèlia bá fi igi tó tọ́ rọ́pò èyí tó bàjẹ́, òun náà ni yóò sì máa yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Rogèlia ní kí n kà á fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ojú òun ń dun òun ni, kì í ṣe ẹkún.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé, Rogèlia ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti igi náà sókè láti ìsàlẹ̀. Ta ni yóò lọ, bí kò ṣe arìndìn tó gbèjà rẹ̀ nílé ọtí? Láàárọ̀ kùtù, ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Batiste, wòkè. Kí lo rí?”

“Òṣùpá, Àǹtí.”

“Ó ń lé ni, àbí ó ń gbó?”

“Ó ń gbó.”

“Ó gbà ọ́ lógún ọdún kó o tó wòkè.”

A gé igi náà, a sì há a kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó fín àmì ilé wọn sí i, òkìtì èédú pẹ̀lú èéfín lórí, ó fín ọdún sí i. Lẹ́yìn náà ó na ọ̀bẹ sí mi. Ẹ̀rù ń bà mí, n ò wo ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n mo fín igi búrẹ́dì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì èédú náà. Ó wà níbẹ̀ di òní, ẹ lè lọ wò ó.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àwọn agunkè kan láti Barcelona ń ṣiyèméjì nísàlẹ̀ Grau. Wọ́n bi Rogèlia bóyá igi lásánlàsàn lè gba ènìyàn. Ó ń jẹ búrẹ́dì mi lọ́wọ́, kò tiẹ̀ dìde.

“Ẹ máa gùn ún lọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ka àwọn igi náà bí ẹ bá ṣe ń lọ. Bí ẹ bá dé ìkẹrìnlá, ẹ kí i fún mi. Òun nìkan ni mo bà jẹ́ rí, fúnra mi ni mo sì fẹnu mi sọ ọ́.”